Alátùnṣe Etí Ògiri

Àwọn àgbà ló ní ògiri létí. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, òwe ni. Ní ìlú tí Aránṣọ dàgbà sí, kì í ṣe òwe mọ́. Lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ kan wà, ó rí bí ìdérí ìkòkò tí wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ náà á máa kéde: iṣẹ́ tí ìlú ṣe, oore tí Ọ̀gá Àgbà ṣe, lẹ́yìn náà orin ìyìn tí tọmọdé tàgbà gbọ́dọ̀ mọ̀. Tó bá kéde tán, á dákẹ́, á máa gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè pa á. Elétí ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn tó jókòó síbi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, kò sẹ́ni tó mọ ojú wọn, kò sì sẹ́ni tó fún wọn lórúkọ. "Wọn" ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. "Wọ́n ti gbọ́." "Wọ́n ti mú un lọ." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Àánú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Elétí kò lè sọ̀rọ̀ kó sì tún máa gbọ́. Nítorí náà, ìgbà tí ìkéde bá ń lọ lọ́wọ́ ni tọkọtaya ń jà, ìgbà náà ni wọ́n ń parí ìjà, ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ń dẹnu ìfẹ́ kọ ọ̀dọ́mọbìnrin. Ẹni tí kò bá yá ẹnu, orin ìyìn á bẹ̀rẹ̀, á parí, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ á kù sí i lẹ́nu bí eegun ẹja.

Ní ti Aránṣọ, kì í ṣe ìfẹ́ ló ń dà á láàmú nígbà yẹn. Bàbá rẹ̀ ni.

Bíríkìlà ni Bàbá tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wọn. Nígbà tí ogbó dé, ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn ó gbàgbé ibi tó bọ́ bàtà sí, nígbà mìíràn ó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ gbàgbé ni ìbẹ̀rù.

"Ọ̀gá Àgbà yìí ò tíì kú ni?" á bi wọ́n nídìí oúnjẹ. "Látìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ta ló fi í ṣọ́ wa?"

Ìyá á sì bú sí orin ìyìn lójijì, á fi ohùn rẹ̀ bo ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá sọ ọ́ di olórin tipátipá. Àwọn ará ilé kejì máa ń sọ pé kò sí obìnrin tó fẹ́ràn ìlú bíi tirẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Arúgbó tí ẹnu rẹ̀ kò bá gbọ́ràn mọ́, Ilé Ìsinmi ni wọ́n ń mú un lọ, a ò sì tíì rí ẹni tó sinmi tán tó padà wálé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Elétí ilé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo tó gbóná jù. Wọ́n rán alátùnṣe wá. Ọkùnrin gíga kan ni, ó wọ aṣọ eérú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó gbé àkàbà léjìká. Aránṣọ ló bá a di àkàbà mú. Ó ti gòkè, ó ti ṣí ìdérí ẹ̀rọ, nígbà tí Bàbá yọ láti inú yàrá.

"Ìwọ lo fẹ́ yọ ahọ́n rẹ̀?" Bàbá ní. "Yọ ọ́ tán pátápátá, ọmọ mi. Irọ́ ló ń pa látàárọ̀. Ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ ló wá ń purọ́ fún mi!"

Ìyá bú sórin. Ẹ̀rù bà á débi pé ẹsẹ̀ orin kejì ló kọ ṣáájú èkíní. Ọwọ́ Aránṣọ ń gbọ̀n, àkàbà náà sì ń bá a gbọ̀n.

Ọkùnrin náà wo ìsàlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. "Ẹ kú ilé, Bàbá," ó ní. Ó wá yíjú sí Aránṣọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di àkàbà yìí mú dáadáa. Ijó lẹ ń bá a jó."

Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó lọ. Nígbà tó lọ tán, Ìyá di aṣọ Bàbá sínú báàgì kékeré kan, ó fi súẹ́tà sí i. Ó ní bí wọ́n bá dé, ó kéré tán, kí òtútù má pa á. Wọ́n retí. Ẹnikẹ́ni ò wá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹsẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá gbé báàgì náà. Alátùnṣe náà ni, òun nìkan.

"Mo ní kí n wá wo ẹ̀rọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́," ó ní.

Ó wò ó. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó ti Bàbá, ó bi í nípa bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì láyé àtijọ́, ó lọ. Ó tún padà wá, ó tún wá.

"Ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan, kí ló ń wò lára rẹ̀?" Ìyá bi ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìkéde ìrọ̀lẹ́ ń lọ. "Ológbò kì í ṣàdédé lọ kí eku nílé. Ó fẹ́ kí ẹnu bàbá rẹ kún ni, kó tó gbé e fún wọn lódindi."

Aránṣọ náà ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Níbi tí Aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ eérú tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wọ̀ ni wọ́n ń rán. Àwọn kan ń rán apá, àwọn kan ń rán ọrùn. Ihò bọ́tìnnì ni tirẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jáde láti gba atẹ́gùn, ó bá alátùnṣe náà lẹ́nu géètì. Elétí òpópónà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéde.

"Ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ sọ, ìkéde ọ̀sán ò sì gùn," ọkùnrin náà ní. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ní kí ẹ sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ta ni?"

"Wọn."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ kan ọrùn aṣọ rẹ̀. "Bọ́tìnnì ọrùn yìí ti fẹ́ fún mi pa láti oṣù tó kọjá. Mo wádìí ẹni tó dá ihò rẹ̀, kí n lè lọ bá a jà. Wọ́n ní ìwọ ni. Mo dé ibí láti jà, mo rí ọ, mo gbàgbé ìjà."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu Aránṣọ kó tó rántí pé kò yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Bàbá ńkọ́?"

Ẹ̀rín náà kú. Kí ló dé tó jẹ́ Bàbá ló máa ń béèrè nígbà gbogbo?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pàdé, ní ẹnu géètì, lábẹ́ ariwo ìkéde. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka iye irin tí ìlú yọ́, ọkùnrin náà á máa sọ fún un bí kò ṣe rí oorun sùn. Ó dé ibi tí Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìkéde ọ̀sán bí ẹni tí ebi ń pa, òun tó ti kórìíra ohùn yẹn láti kékeré. Tó bá padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, á máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yọ lẹ́yọ. Èwo ni ìfẹ́ nínú rẹ̀? Èwo ni ìdẹkùn? Ojú kan náà ni méjèèjì ní.

Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin ló di alárinà. Onídìrí ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ bí kò bá ti sí abẹ́rẹ́ irun láàárín eyín rẹ̀. Ó dúró de ìkéde ìrọ̀lẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin yẹn ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa."

"Ọmọ ta?" Ìyá ju ṣíbí sílẹ̀. "Ẹni tó ń wẹ etí fún wọn! Kí n wá gbé ọmọ mi fún un kó fi nu etí náà?"

"Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Èmi tí mo ń di irun ìyàwó àwọn ọ̀gá, ṣé orí wọn ti wá di tèmi ni?"

"Ìwọ, irun lò ń rí. Òun ń rí inú ilé."

"Ó rí inú ilé yín. Ó gbọ́ ẹnu ọkọ yín. Ẹ ṣì wà níbí, ẹ̀ ń bá mi jà."

"Adìẹ tí wọ́n ń bọ́ náà ṣì wà níbẹ̀," Ìyá ní. "Ó di ọjọ́ tó bá sanra."

Bàbá gbé orí sókè láti ibi tó jókòó sí. "Ta ló fẹ́ fẹ́ ta? Ṣé ọmọ tó ń béèrè sìmẹ́ǹtì yẹn? Ó ní ọwọ́ tó dára. Ẹ fún un."

Orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú ṣíbí rẹ̀ nílẹ̀.

Aránṣọ ní kí wọ́n fún òun láyè láti rò ó. Lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ ti gbà. Orí rẹ̀ ni kò gbà. Ó ti fẹ́ fi ti orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó yà sí ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìkéde ń lọ. Kò sí oníbàárà kankan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ohùn ọkùnrin náà ni.

"Mo ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá náà fún wọn," ó ń sọ. "Gbogbo ohun tó ń sọ ni mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i fúnra wọn. Wọ́n ní kí n má tíì jẹ́ kí ọmọbìnrin náà mọ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," àǹtí rẹ̀ dáhùn. "Tó bá mọ̀, ojú rẹ̀ á sọ."

Aránṣọ ò mọ bí òun ṣe kúrò níbẹ̀. Àǹtí náà! Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀! Ta ló wá kù? Gbogbo ẹ̀rín ẹnu géètì, gbogbo àìsùn tó sọ pé ó ń ṣe òun, gbogbo rẹ̀ kò ju pé kí ó lè mọ ìgbà tí Bàbá yóò pọ́n tó láti ká.

Nínú ìlú yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn ló máa ń yè. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dé ọ́fíìsì àwọn ẹlẹ́rọ láti lọ fẹjọ́ ọkùnrin náà sùn, ó dúró níwájú obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì, ahọ́n rẹ̀ sì kọ̀. Ọ̀rọ̀ búburú tó ti tò sẹ́nu ò jáde. Ohun tó sọ ni pé, "Elétí ilé wa ò ja geere. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ẹlòmíràn wá tún un ṣe."

"Ta ló ń tún un ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

Obìnrin náà wò ó pẹ́. "A máa rán ọ̀gá wọn gan-an wá láàárọ̀ ọ̀la."

Ó padà sílé pẹ̀lú ìrònú pé òun ti fi ọgbọ́n ṣe é: òun ò pa ẹnikẹ́ni lára, òun kàn ti ilẹ̀kùn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìkéde ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin náà já wọlé. Kò kan ilẹ̀kùn. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Bàbá dà? Ẹ wọ bàtà fún Bàbá."

Ìyá dìde, ó na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà yàrá. "Kò síbì kankan tí ẹ ń mú un lọ!"

"Màmá, ẹ gbọ́ mi, ìkéde ò ní pẹ́ parí." Ó ti gun àga, ó ń ṣí ìdérí Elétí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá síbí, mo gé wáyà tí ẹ̀rọ yìí fi ń gbọ́. Ó ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò gbọ́ nǹkan kan látìgbà náà. Ọ̀gá mi ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá bá wáyà tó já, èmi àti gbogbo yín la lọ. Mo fẹ́ so ó padà. Tí mo bá ti so ó, ohunkóhun tí Bàbá bá sọ, ó délé wọn."

"Irọ́!" Ìyá ní. "Ilé tí wọn ò gbọ́ ohùn kankan nínú rẹ̀, ṣé wọn ò ní fura?"

"Màmá, ilé wo ló ń sọ̀rọ̀ nílùú yìí? Gbogbo ilé ló dákẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tí wáyà rẹ̀ já?"

Ìyá dúró ṣinṣin. "Gbogbo orin tí mo ń kọ látọjọ́ yìí wá ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, Màmá."

Ó dun Ìyá. Kódà nínú ìbẹ̀rù yẹn, ó hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún.

Aránṣọ sún mọ́ àga náà. "Ibo lo fẹ́ mú Bàbá lọ?"

"Sọ́dọ̀ wọn."

"Sọ́dọ̀ ta ni?"

"Sọ́dọ̀ màmá mi!" Ọkùnrin náà yíjú láti orí àga, ìyàlẹ́nu bò ó lójú. "Ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ọjà ni wọ́n ni. Ẹ̀rọ wọn ń pariwo tọ̀sán-tòru, kò sí Elétí tó lè gbọ́ nǹkan níbẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ Bàbá fún wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Ta tún ni mo lè máa pè ní wọn?"

Ta tún ni? Aránṣọ rántí ìgbà tó wà ní kékeré, tó sọ níta pé "wọ́n ń bọ̀", tí gbogbo ọjà sì tú ká, tó sì jẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá ti kìlọ̀ fún un: "Má pè mí ní wọ́n mọ́ láé. Pè mí ní ó, bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ ni mí. Àrífín sàn ju jìnnìjìnnì lọ." Bẹ́ẹ̀ ni ìyá púpọ̀ ṣe kọ́ ọmọ wọn. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ìyá kan lè wà nílùú náà tó kọ̀, tó ní ọlá tòun ni ọ̀rọ̀ yẹn, òun ò ní yá ẹnikẹ́ni.

Tàbí kó jẹ́ irọ́. Irọ́ tó dùn báyìí ni wọ́n máa ń pa.

Lórí ẹ̀rọ, wọ́n ti ka irin tán, wọ́n ti ń ka aṣọ. Orin ìyìn ló kù. Ìyá ń wo ọmọ rẹ̀, ọkùnrin náà ń wò ó. Bàbá jáde, ó rí àlejò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. "Oní-sìmẹ́ǹtì! Ṣé à ń lọ síbi iṣẹ́?"

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó wọ bàtà fún bàbá rẹ̀. Ó so okùn rẹ̀ le. Ó gbé ọwọ́ Bàbá, ó fi lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ilẹ̀kùn pa dé bí orin ṣe parí.

Ọ̀gá àwọn alátùnṣe dé láìpẹ́. Ó ga lóhùn, ó kúrú lẹ́sẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó yẹ wáyà wò, ó tẹ nǹkan kan.

"Ẹ sọ̀rọ̀."

"Kí la máa sọ, sà?" Ìyá ní.

"Ohunkóhun."

Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kò sẹ́ni tó fún Ìyá ní irú àṣẹ yẹn rí. Ó la ẹnu, orin ìyìn ló jáde. Ọ̀gá náà mi orí, ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló wo àga tí Bàbá máa ń jókòó sí.

"Wọ́n ní bàbá kan wà nílé yìí."

Iná pupa kékeré kan ń tàn lára Elétí. Ó ń gbọ́.

"Bàbá jáde," Aránṣọ ní.

"Pẹ̀lú ta?"

"Pẹ̀lú ọkọ mi."

Ìyá yíjú sí i. Ọ̀gá náà rọra pa ìdérí ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n kí ọkọ, ó lọ.

Ìkéde ọ̀sán bá wọn lójú ọ̀nà ilé ìfọṣọ. Ìyá ń sáré, bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹnu gún ọmọ rẹ̀. "O fi ọwọ́ ara rẹ gbé bàbá rẹ fún wọn. O tún pè é lọ́kọ. Ọkọ! Tí a bá dé ibẹ̀ tí a ò bá a ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ ná, Ìyá."

Wọ́n dé ibẹ̀. Iwájú ṣófo. Wọ́n bi obìnrin kan tó ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bóyá ó rí bàbá arúgbó kan tí ọkùnrin gíga kan mú wá.

"Bàbá arúgbó kankan ò wá síbí," obìnrin náà ní, kò tilẹ̀ wò wọ́n.

Ìyá jókòó sílẹ̀ lójú títì. Aránṣọ dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí, kò sunkún, kò lè sunkún. Ó ti rò pé òun mọ bí ìbẹ̀rù ṣe rí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí ìlú tí òun wà: níbẹ̀, bí àlejò bá bi ọ́ léèrè ènìyàn, o ò rí onítọ̀hún. Òun náà ì bá dáhùn bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

Ooru gbá a lójú. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ràgàjì ń hó, ń yí, ilẹ̀ ń gbọ̀n. Láàárín ariwo náà, ohùn kan ń ké ju ẹ̀rọ lọ.

"Ọrùn ère Ọ̀gá Àgbà yẹn wọ́! Èmi ni mo sọ fún wọn nígbà tí wọ́n ń gbé e kalẹ̀! Olórí-kunkun ni gbogbo wọn!"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, Bàbá, kí n gbálẹ̀!" obìnrin onírun funfun kan ń ké padà. "Ara òun náà wọ́, kì í ṣe ọrùn nìkan!"

Ìyá ti dé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Obìnrin onírun funfun náà rí wọn, ó fi ọwọ́ pe Ìyá, ó fún un ní àpótí láti jókòó. "Ẹ kú ìrìn o, ìyá wa! Ẹ sọ ohunkóhun tó bá wù yín níbí. Ẹ̀rọ á gbé e mì."

Ìyá jókòó. Ó la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀. Ó tún un là. "Ó rẹ̀ mí," ó ní. "Ó rẹ̀ mí gan-an." Omi wá bọ́ lójú rẹ̀.

Aránṣọ rí ọkùnrin náà nígun yàrá, ó ń ká aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Ó lọ bá a, ó ní láti ké kó tó gbọ́. "Èmi ni mo ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá!"

"Mo mọ̀. Wọ́n sọ fún mi ní ọ́fíìsì pé ọmọbìnrin kan wá, ó ní òun ò mọ orúkọ mi."

"O mọ̀, o sì tún wá?"

"Mo bínú. Mo bínú dé ẹnu ọ̀nà yín. Ṣùgbọ́n tí n ò bá wá, ṣé Bàbá ni mo fẹ́ fi ìyà ẹ̀ jẹ?" Ó na etí aṣọ kan sí i, kó bá òun dì í mú. "Kí lẹ wá sọ fún ọ̀gá mi pé Bàbá lọ?"

"Mo ní ó bá ọkọ mi jáde."

Aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. "Ọkọ ta?"

Aránṣọ wo ojú rẹ̀ fínnífínní, bó ṣe máa ń wò ó látìbẹ̀rẹ̀, ó ń wá ìdẹkùn tó ti ń bẹ̀rù. Kò rí i. Kò sì búra pé òun ò ní tún wá a lọ́la. Ìfura ọdún gbogbo kì í kú lọ́jọ́ kan.

"Wáyà tí o so ló gbé e lọ," ó ní, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú aṣọ náà nílẹ̀. "Gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Kò sí bí mo ṣe lè sẹ́ ẹ mọ́. Di ẹ̀gbẹ́ tìrẹ mú dáadáa."